Yáàdì Méje fún Pálọ̀ Ìyá Teslim

Ọdún mẹ́fà gbáko ni Fàúsát, ìyá Teslim, fi purọ́ fún ẹgbẹ́ àsàlátù rẹ̀. Irọ́ kan ṣoṣo ni, aṣọ ló kàn ń pààrọ̀ fún un. Bí ìwé alágbàlejò bá ti yí kan orúkọ rẹ̀, tí Àlájà Láídé tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ bá ní, "Fàúsát, ọ̀dọ̀ rẹ ló kàn lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀," Fàúsát á ní àwọn ń kun ilé lọ́wọ́. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, á ní àwọn àna ń bọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ní ọdún kan, ó ní ológbò bímọ sí pálọ̀ òun, kò sì dáa kí wọ́n dí abiyamọ lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ Fàúsát kò sin ológbò rí.

Ilẹ̀ pálọ̀ náà ni kò ṣe é jókòó sí. Sìmẹ́ǹtì tí wọ́n tẹ́ síbẹ̀ nígbà tí Àlàmú ọkọ rẹ̀ kọ́ ilé náà ní Agége ló ṣì wà níbẹ̀. Ó ti ṣí bí èépá, ó ti dá kòtò síhìn-ín sọ́hùn-ún, bí èèyàn bá sì tẹ́ ẹní lé e, eruku á gba àárín ẹní yọ jáde wá kí onítọ̀hún. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ àsàlátù jẹ́ méjìlélógún. Híjáàbù funfun ni wọ́n máa ń wọ̀, ilẹ̀ ni wọ́n sì máa ń jókòó sí láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí di mọ́kànlá. Fàúsát ti rò ó títí: híjáàbù funfun méjìlélógún, kí gbogbo wọn dìde nílé òun bí ẹni tó já sìmẹ́ǹtì sílẹ̀ láti orí ọkọ̀. Ó sàn kí ológbò bímọ.

Lọ́dún yìí ni Àlájà Láídé wá fi òpin sí i. "Fàúsát, bí o bá tún fò ó, mà á yọ orúkọ rẹ kúrò nínú ìwé alágbàlejò. Kì í ṣe ìjà o. Ẹni tí kò bá fẹ́ àlejò, a kì í fi àlejò há a lọ́fun." Ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi sọ ọ́, ohun tó dun Fàúsát gan-an nìyẹn. Bó bá ṣe pé ìjà ni, ẹnu Fàúsát náà mú ju ẹnu ẹyẹ lọ. Ṣùgbọ́n kí wọ́n yọ orúkọ ẹni nínú ìwé alágbàlejò, bí ìgbà tí wọ́n ní èèyàn ò nílé lórí ni.

Níwájú ilé ni Fàúsát ti ń ta òwú, bọ́tìnì àti síìpù fún àwọn télọ̀ àdúgbò. Nígbà tó kó àjọ rẹ̀ lóṣù náà, ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́sàn-án náírà ló bọ́ sí i lọ́wọ́. Kò sọ fún ẹnì kan kí ó tó ránṣẹ́ pe Láolú, ọkùnrin ará Ọgbà kan tó ń tẹ́ ilẹ̀ fún àwọn èèyàn. Láolú gbé ègé kápẹ́ẹ̀tì dání tó fi ń han oníbàárà. Fáínììlì ló ń pè é, gbogbo àdúgbò ń pè é ní kápẹ́ẹ̀tì rọ́bà. Ègé kan wà níbẹ̀ tó dà bí pákó tí wọ́n fá dán, tó pọ́n bí ẹyìn. Fàúsát fọwọ́ pa á lẹ́ẹ̀kan, ó sì mọ̀ pé ọkàn òun ti lọ.

Láolú fa téèpù já pálọ̀ ní ìbú àti gígùn. "Ìyá, ẹsẹ̀ bàtà méjìlá ní ìbú, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní gígùn. Kápẹ́ẹ̀tì yìí fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà, a ó tẹ́ ẹ lọ́nà méjì. Yáàdì mẹ́wàá ló máa gbà."

"Èló ni yáàdì kan?"

"Ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlá. Ìyẹn jẹ́ ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogóje fún mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Gọ́ọ̀mù tí a ó fi lẹ̀ ẹ́, ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún. Sìmẹ́ǹtì àti yanrìn tí a ó fi dí kòtò, ẹgbẹ̀rún méjìlá. Iṣẹ́ ọwọ́ mi, ọgbọ̀n. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba, kò lé, kò dín."

Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n ló kù kí owó Fàúsát pé. Ó wo Láolú bí ẹni ń wo ọmọ rere. "Ṣé o ò lè fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ta wá lọ́rẹ?"

"Ìyá, iṣẹ́ ọwọ́ mi ni mo ń jẹ."

"Ta ló ní kí o má jẹun? Mo ní kí o kàn gbààwẹ̀ díẹ̀ ni."

Wọ́n ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́ nígbà tí ẹnì kan wú ikọ́ nínú yàrá. Ikọ́ Àlàmú kì í ṣe ikọ́ àìsàn, ikọ́ ẹni tó fẹ́ dá sí ọ̀rọ̀ ni. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Àlàmú fi gé aṣọ nílé-iṣẹ́ ìránṣọ kan ní Ìkẹjà kí ó tó fẹ̀yìn tì. Bí àwọn agéṣọ yòókù bá rí ẹ̀wù mẹ́sàn-án nínú ìdì aṣọ kan, Àlàmú á rí mẹ́wàá níbẹ̀. Ìwé ìyìn tí wọ́n fún un lórí ìyẹn ṣì wà lára ògiri. Láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì ni kò ti rí aṣọ gé mọ́, ilé ló wá ń gé. Bó bá gé búrẹ́dì, èérún kan kò ní jábọ́. Kọ́tìnì tó gé fún ilé, ẹ̀gbẹ́ kan fèrèsé tó bá bọ́ sí ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù kò rí tirẹ̀ gbà, torí ta ló máa wo ibẹ̀?

Ó jáde síta, pẹ́ńsù ti wà létí rẹ̀. "Yáàdì mélòó lo wí?"

"Mẹ́wàá, Bàbá."

"Ta ló kọ́ ọ níṣẹ́?"

"Ọ̀gá mi ní Òpébì."

"Ó yẹ kí èmi àti ọ̀gá rẹ ríra." Ó gba téèpù lọ́wọ́ Láolú, ó wọlé lọ mú bébà fífẹ̀ kan tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, irú èyí tí wọ́n máa ń ya ègé aṣọ sí kí ọ̀bẹ tó kàn án, ó sì ti ilẹ̀kùn pálọ̀ mọ́ra rẹ̀. Fàúsát àti Láolú jókòó sí iwájú ṣọ́ọ̀bù bí ẹni tí wọ́n gbé mọ̀lẹ́bí wọn wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Nígbà tí Àlàmú yóò fi jáde, oòrùn ti gun àtàrí.

"Yáàdì méje," ló wí.

"Bàbá, ilẹ̀ kì í ṣe aṣọ. Ẹ ò lè gé ilẹ̀ kúrú."

"Máa bọ̀ lẹ́yìn ilé, kí n fi nǹkan hàn ọ́."

Láti ojú fèrèsé ni Fàúsát ti ń wò wọ́n. Àlàmú tẹ́ bébà sílẹ̀, ó ń fi pẹ́ńsù tọ́ka síhìn-ín sọ́hùn-ún. Láolú wò ó, ó wo bébà, ó ká ọwọ́ méjèèjì lérí. Nígbà tí wọ́n padà dé, ojú Láolú ti rẹ̀wẹ̀sì. "Ìyá, yáàdì méje náà ni."

Fàúsát tún owó ṣírò lórí ìka. Yáàdì méje, ẹgbẹ̀rún lọ́nà méjìdínlọ́gọ́rùn-ún. Pẹ̀lú gọ́ọ̀mù, sìmẹ́ǹtì àti iṣẹ́ ọwọ́, gbogbo rẹ̀ jẹ́ ẹgbẹ̀rún lọ́nà méjìdínlọ́gọ́jọ. Ẹgbẹ̀rún méjìlá tún ṣẹ́ kù tí òun yóò fi ra ẹ̀wà mọ́ínmọ́ín fún àwọn àlejò. Kò béèrè bí ó ṣe rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ kì í bi omi léèrè odò tó ti ṣàn wá. Ọjọ́ yẹn gan-an ló tẹ Àlájà Láídé láago: "Ẹ máa bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú, Àlájà. Mo ti múra sílẹ̀."

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, Àlàmú ní òórùn gọ́ọ̀mù kò dára fún àyà ìyàwó òun, kó lọ sùn lọ́dọ̀ Uswat ọmọ wọn ní Ọgbà. Àánú náà pọ̀ díẹ̀ jù. Uswat pàápàá rò ó títí.

"Màámi, báwo ni yáàdì méje ṣe máa kárí pálọ̀ yẹn?"

"Bàbá rẹ ló gé e."

"Ohun tí mo fi ń béèrè nìyẹn. Ẹ rántí yunifọ́ọ̀mù mi ní pírámárì, tí wọ́n rán tí kò ní àpò? Wọ́n ní àpò ń jẹ aṣọ, kí n máa di owó mi mọ́wọ́. Ọdún mẹ́fà ni mo fi di ẹ̀ṣẹ́ lọ sílé ìwé. Àwọn ọmọ kíláàsì mi rò pé ìjà ni mo ń wá."

"Ìwọ ò sì sọ kọ́bọ̀ kan nù."

"Mo sọ ọ́ nù, Màámi. Mi ò kàn sọ fún wọn ni."

Nígbà tí Fàúsát padà sílé ní ọ̀sán Sátidé, Láolú ń palẹ̀ irinṣẹ́ mọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Ó san owó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ fún un, ó sì dúpẹ́. Láolú ka owó tán, ó wo ẹ̀yìn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe mí lóore kan. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè ẹni tó tẹ́ ilẹ̀ yìí, ẹ ní ẹ ò mọ̀ mí."

Fàúsát rò pé ìwà ìrẹ̀lẹ̀ ni. Ó súre fún un.

Bí àlá ni pálọ̀ náà rí. Ilẹ̀ ń dán gbinrin, ó pọ́n bí pákó ilé ọlọ́rọ̀ ní GRA, gbogbo àga sì wà ní ipò wọn: àga gígùn oníjókòó mẹ́ta lára ògiri, àwọn àga kékeré méjì lápá ọ̀tún, kọ́bọ́ọ̀dù tẹlifíṣọ̀n ní iwájú, tábìlì kékeré láàárín. Àlàmú dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn bí ọkọ ìyàwó.

"Bàbá Teslim, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ." Omi ti fẹ́ẹ́ bọ́ lójú Fàúsát. Ó tẹ̀ síwájú láti fa tábìlì àárín sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ó lè rí i dáadáa, àfi gbì, Àlàmú ti dé iwájú rẹ̀.

"Má sún un. Gọ́ọ̀mù ṣì ń gbẹ lábẹ́ ibẹ̀."

"Ìgbà wo ló máa gbẹ?"

Àlàmú ronú. "Ká ṣáà fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ibi tó wà yẹn yẹ ẹ́."

Fàúsát padà sẹ́yìn. Ó mọ̀ pé bí ilẹ̀ bá mọ́, gbogbo àga náà gbọ́dọ̀ bọ́ síta, torí bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n Àlàmú kò mọ̀. Gbogbo òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú ni ó máa ń lọ bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì ṣe ìpàdé ní Ìkẹjà, kò sì jókòó ti àsàlátù obìnrin rí láyé rẹ̀. Ohun tí Fàúsát rò ni pé bí òun bá sọ fún un, á ní kí wọ́n má wọlé nítorí gọ́ọ̀mù. Wọ́n á rọra gbé àwọn àga náà ni, wọn ò ní wọ́ ọ. Báyìí ni tọkọtaya náà sùn, tí oníkálukú di tirẹ̀ mọ́nú.

Kí aago mẹ́jọ tó lù, bàtà ti kún ẹnu ọ̀nà. Obìnrin tó bá yọjú á kọ́kọ́ dúró, á wo ilẹ̀, á wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

"Ìyá Teslim, ṣé a lè tẹ èyí báyìí, àbí ká máa fò?"

"Ẹ wọlé, ẹ jọ̀ọ́."

Ìyá Hassanat, tí ẹnu rẹ̀ kì í gbófo, na ọrùn wo gbogbo igun. "Àwọn ọmọ ológbò ń kọ́?"

"Wọ́n ti dàgbà. Wọ́n ti lọ sílé ọkọ."

"Wọn ò sì pè wá sí ìgbéyàwó." 

Fàúsát rẹ́rìn-ín bọ́ sí ilé ìdáná láti lọ wo mọ́ínmọ́ín rẹ̀. Ayọ̀ rẹ̀ kún. Ó ń gbọ́ ohùn Àlájà Láídé lẹ́yìn: "Ó yá, ẹ jẹ́ ká gbé àga síta ká lè ráyè." Ó gbọ́ tí àwọn obìnrin ń ká apá aṣọ sókè, ó gbọ́ "ẹ bá mi mú ibí yìí." Lẹ́yìn náà, kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Kí obìnrin méjìlélógún wà nínú pálọ̀ kan kí ó pa lọ́lọ́, àmì burúkú ni. Ó sáré padà wọlé pẹ̀lú ṣíbí lọ́wọ́.

Níbi tí àga gígùn wà tẹ́lẹ̀, sìmẹ́ǹtì àtijọ́ ló wà níbẹ̀ gbalaja, pẹ̀lú kòtò rẹ̀ àti eruku rẹ̀, kápẹ́ẹ̀tì tuntun yí i ká. Etí rẹ̀ gún régé, bí ẹni fi abẹ gé e. Ibi àwọn àga kékeré méjì rí bẹ́ẹ̀. Àárín gbùngbùn pálọ̀, níbi tí tábìlì dúró sí, ojú sìmẹ́ǹtì kan là sílẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú. Àlàmú ti yọ abẹ́ gbogbo ohun tó ní abẹ́ kúrò nínú ìṣirò.

Ìyá Hassanat tẹ̀ ba, ó wo ọ̀kan láàárín wọn dáadáa. "Ìyá Teslim, ẹ jọ̀ọ́, ta lẹ sin síbí?"

Ẹnì kan fi ojú wọn àyè àga gígùn ní ìbú àti òró. "Èyí ga o. Onítọ̀hún á tó ẹsẹ̀ bàtà méje."

"Abẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù ń kọ́?" Àwọn méjì ti tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Òun náà ni. Wọn ò ṣe ojúsàájú."

Fàúsát fi ṣíbí pamọ́ sẹ́yìn. Irọ́ mẹ́ta ló sáré wá sí ẹnu rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: pé kápẹ́ẹ̀tì ló tán lọ́jà, pé Láolú ń padà bọ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, pé irú èyí ló wà lóde báyìí. Ó la ẹnu. Ó rí Àlájà Láídé tó ń wo òun, ìwé alágbàlejò wà ní abíyá rẹ̀. Gbogbo irọ́ náà wá korò lẹ́nu rẹ̀ bí ewúro àìfọ̀.

"Àlájà, mi ò ní ológbò rí," ló wí.

Ẹnu rẹ̀ kò wá dúró mọ́. Ó sọ ti kòtò, ó sọ ti híjáàbù funfun, ó sọ iye tí òun kó lájọ, ó sọ yáàdì mẹ́wàá tó di méje, ó sọ bí Láolú ṣe ká ọwọ́ lérí àti bí òun ṣe súre fún un. Nígbà tó dé ibi tí Àlàmú ti ní "ibi tó wà yẹn yẹ ẹ́," ẹ̀rín ti bẹ̀rẹ̀ láti igun kan. Nígbà tó dé ibi yunifọ́ọ̀mù tí kò ní àpò, Ìyá Hassanat ti jókòó sílẹ̀, ó ń fi híjáàbù nu ojú.

Àlájà Láídé kò rẹ́rìn-ín. "Fàúsát, ta ló ń fún ológbò ní ìsinmi ìbímọ? Ṣé o rò pé a ò mọ̀ ni? Ọ̀dọ̀ rẹ la ti ń ra òwú. Láti ẹnu ọ̀nà la ti ń wo kòtò rẹ lọ́dọọdún, bó ṣe ń dàgbà."

"Kí ló dé tí ẹ kò sọ?"

"A ń retí kó o sọ ọ́ ni. Ta ló máa ṣáájú onílé mọ ilé?" Ó bọ́ sí àyè àga gígùn, ó tẹ́ ẹní tó fi ń kírun sí i, ó sì jókòó. "Ibí yìí gan-an ni tèmi. Rọ́bà máa ń mú ara mi gbóná."

Àfi bí ẹni ń pín ilẹ̀ ogún. Àwọn mẹ́rin sáré sí ẹ̀gbẹ́ Àlájà, wọ́n ní àwọn ni ọlọ́lá. Ìyá Hassanat gba àyè tábìlì fún ara rẹ̀ nìkan, ó ní ìgbà tí wọ́n bá ń pín oúnjẹ, kí wọ́n rántí pé orí tábìlì ni oúnjẹ máa ń kọ́kọ́ dé. Wọ́n ṣe àsàlátù lọ́jọ́ náà títí ohùn wọn fi wọ àdúgbò kejì. Fàúsát jókòó láàárín wọn, ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé òun ò wo ẹ̀yìn híjáàbù ẹnì kankan.

Ìpàdé Ìkẹjà tú kí àkókò rẹ̀ tó pé lọ́jọ́ náà. Bí Àlàmú ṣe yọ sí ìta ilé, àga gígùn rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí nínú oòrùn, pẹ̀lú adìẹ kan tó bà lé apá rẹ̀. Ó sáré. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, gbogbo pálọ̀ yí ojú sí i.

"Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, Àlájà," ló wí.

"A dúpẹ́, Bàbá Teslim. Ẹ wo ibi tí ẹ fi wá kalẹ̀ sí."

Àlàmú tún fìlà rẹ̀ ṣe. "Níbi iṣẹ́ wa, a kì í fi aṣọ sí ibi tí ojú ò bá dé."

"Ojú ti dé ibẹ̀ báyìí. Ojú mẹ́rìnlélógójì."

"Ẹ̀yin lẹ gbé àga kúrò."

"Obìnrin méjìlélógún, àga mẹ́ta. Ibo lẹ fẹ́ ká jókòó sí?"

Àlàmú wo àwọn obìnrin náà, ó wo ẹnu ọ̀nà níbi tí àga wà. Ètè rẹ̀ ń mì. Kí Ọlọ́run má jẹ́, ó ti ń ṣírò bí obìnrin méjìlélógún ṣe máa gba orí àga mẹ́ta. Àwọn obìnrin rí i, wọ́n bú sẹ́rìn-ín, adìẹ fò kúrò lórí àga. Ọgbọ́n àgbọ́njù ní ń pa òdù ọ̀yà.

Lẹ́yìn náà ni Àlájà Láídé ṣí ìwé alágbàlejò. Ó yọ bírò, ó kọ nǹkan síbẹ̀, kò yára. Fàúsát di etí híjáàbù rẹ̀ mú.

"Àsàlátù tó ń bọ̀, ọ̀dọ̀ ta ló yẹ ká lọ?" ni Àlájà béèrè.

"Ọ̀dọ̀ mi ni," Ìyá Hassanat dáhùn.

"Dúró ná. Ọ̀dọ̀ Fàúsát la tún ń bọ̀. Ó jẹ wá ní ọdún mẹ́fà, a ó máa gbà á díẹ̀díẹ̀. A sì fẹ́ wá wo yáàdì mẹ́ta tó kù."

"Ta ni yóò san án?" Àlàmú béèrè. Wọ́n kàn ń wò ó ni, gbogbo wọn, títí ó fi bọ́ síta lọ jókòó lórí àga rẹ̀ nínú oòrùn, tí àwọn tó ń kọjá sì ń kí i pé ó kú ìgbafẹ́.

Nígbà tí àlejò tú tán, ó wọlé pẹ̀lú bébà àti pẹ́ńsù. Fàúsát ti jókòó sí àyè àga gígùn, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, abọ́ mọ́ínmọ́ín tó ṣẹ́ kù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àlàmú jókòó tì í, ó wọn ibẹ̀ pẹ̀lú ojú, ó kọ nǹkan, ó pa á rẹ́.

"Bí mo bá yí ègé abẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù padà," ló wí, "yáàdì méjì àti ààbọ̀ á kárí rẹ̀."

Fàúsát ṣí mọ́ínmọ́ín kan kúrò nínú ewé, ẹyin wà nínú rẹ̀. Ó gbé e dání, kò tíì nà án sí i.

"Mẹ́ta," ló wí.

Àlàmú wo bébà rẹ̀, ó wo ẹyin.

"Mẹ́ta," ló wí, ó sì la ọwọ́.